NBA 2K25: gáàdì lẹ máa kọ́ ni, àbí big man?

Ẹni tó bá ra NBA 2K25, géèmù baskẹ́ẹ̀tì, kó tó gbá bọ́ọ̀lù kankan rárá nínú MyCAREER, apá tẹ́ ẹ ti ń dá agbábọ́ọ̀lù tiyín sílẹ̀, géèmù yẹn á kọ́kọ́ bi í léèrè irú agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ jẹ́. Ìbéèrè yẹn kéré lójú, ẹ kàn máa yan ipò, ẹ máa yan gíga, ìwọ̀n ara, gígùn apá, lẹ́yìn náà ẹ máa wá pín agbára sí jíjù, díríbù, dìfẹ́ǹsì, fífò àti gbogbo ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà torí tẹ́ ẹ bá ti gbà pé ó parí, gíga yẹn ò ní yí padà mọ́, tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn àfi kẹ́ ẹ lọ kọ́ agbábọ́ọ̀lù míì. Láti máàkì 60 sì ni agbábọ́ọ̀lù yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀, VC, ìyẹn owó inú géèmù, lẹ máa fi gbé e gòkè lọ sí 99, ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ fi rí VC, ẹ sì lè fi owó gidi rà á. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ohun tó wà nínú géèmù yìí, MyCAREER nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, àti ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: ṣé gáàdì, ẹni tó sábà máa ń gbé bọ́ọ̀lù, ni àbí big man, ẹni gíga tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbọ̀n?

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Tó bá jẹ́ àwọn èèyàn lẹ fẹ́ máa bá gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́ big man, ẹ fi gáàdì sílẹ̀ fún àwọn tó ń dù ú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nìkan ni, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gbádùn ara yín lẹ́yìn iṣẹ́, gáàdì ni kẹ́ ẹ mú, ìyẹn ò la àríyànjiyàn lọ. Mo ti gbá méjèèjì dáadáa, mo sì fẹ́ràn méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò jọra, àti pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń rò nípa big man, ó ti di ti àtijọ́ pátápátá.

Kí n sọ díẹ̀ nípa géèmù náà fúnra ẹ̀ ná. Visual Concepts ló ṣe é, 2K ló gbé e jáde lọ́jọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Jayson Tatum ló wà lára páálí ẹ̀, A'ja Wilson wà lára ti WNBA, líìgì àwọn obìnrin, Vince Carter sì wà lára Hall of Fame Edition. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń rìn. ProPLAY ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn, inú 2K24 ló ti bẹ̀rẹ̀, fídíò ìdíje NBA gidi ni wọ́n ń sọ di ìrìn inú géèmù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá rí Nikola Jokic ti Denver Nuggets tó fọwọ́ kan ju bọ́ọ̀lù kọjá lórí èèyàn méjì, ẹ máa mọ̀ pé òun náà ni lóòótọ́, kì í ṣe ẹlòmíì tí wọ́n gbé aṣọ ẹ̀ wọ̀. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá a náà sì rí irú èyí tó wà lórí PS5 àti Xbox Series X gbà lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ti ń retí tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ gáàdì, torí òun ni gbogbo ayé ń fẹ́. Mi ò bá wọn wí. NBA 2K àkọ́kọ́ pàá tó jáde lọ́dún 1999, Allen Iverson ló wà lára ẹ̀, gáàdì kúkúrú tó ń da ẹsẹ̀ àwọn géńdé rú. Stephen Curry, gáàdì Golden State, náà wá dé, ní sáà 2015-16 ó ju three (ìjù láti òkèèrè tó ń mú point mẹ́ta wá) 402 wọlé, kò sẹ́ni tó dé irú ibẹ̀ yẹn rí kó tó ṣe é, gbogbo àwọn tó dìbò fún MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, lọ́dún yẹn òun ni wọ́n dìbò fún, kò ku ẹyọ ẹnì kan. Curry yìí ò ju nǹkan bíi mítà 1.88 lọ, ìyẹn ni pé ó jọ èèyàn tẹ́ ẹ lè bá pàdé lójú títì, èèyàn á wò ó á ní èmi náà lè ṣe é. Ta ló máa wo ìyẹn tán tó máa lọ yan ẹni tó ń dúró sábẹ́ agbọ̀n?

Nínú 2K25 gáàdì dùn ún gbá, ó dùn gan. Ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún lórí páàdì lẹ fi ń díríbù, ẹ máa tì í sọ́tùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ yín á gbé ara lọ síbẹ̀, ẹ máa yára fà á padà, bọ́ọ̀lù á bọ́ sí ọwọ́ kejì, ẹ máa rí i tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ ara wọn, ẹ máa wá bọ́ sẹ́yìn ìlà three, àyè tẹ́ ẹ ní ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ ọmọ yẹn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní kété tí bọ́ọ̀lù fẹ́ kúrò níka ẹ̀. Tó bá bọ́ sí àsìkò gẹ́lẹ́, àmì á yọ gírínì, ó ti wọlé nìyẹn kó tó dé agbọ̀n. Wọ́n tún fún wa láyè láti yan irú ewu tá a fẹ́ nínú jíjù: tẹ́ ẹ bá mú èyí tó le, àyè gírínì yín á fẹ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tàsé ẹ̀ pẹ́nrẹ́n kò ní wọlé, tẹ́ ẹ bá mú èyí tó rọ̀, àṣìṣe kékeré lè ṣì wọlé. Fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dá, èyí tó le ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kó mú èyí tó rọ̀ jàre.

Wàhálà gáàdì ni pé ó ń fẹ́ nǹkan púpọ̀. Ó fẹ́ three, ó fẹ́ díríbù, ó fẹ́ eré sísá, ó fẹ́ páàsì, ó tún fẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣọ́ gáàdì ẹlòmíì, gbogbo ẹ̀ sì ni VC. Tí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á rí i lára yín kíá. Gáàdì tí kò lè ju three, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á kàn fà sẹ́yìn á dúró de é nínú. Gáàdì tó lè ju three tí kò lè díríbù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn kò ní rí bọ́ọ̀lù jù. Èyí tó lè ṣe méjèèjì àmọ́ tí dìfẹ́ǹsì ẹ̀ kú, gbogbo skọ́ọ̀ tó bá mú wá ni wọ́n á gbà padà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó tún burú ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ wọ Rec, níbi tí èèyàn márùn-ún ti ń kojú márùn-ún, tó jẹ́ pé ẹ ò mọ ara yín rí, ẹ máa bá a pé ẹni mẹ́ta nínú yín ló fẹ́ máa gbé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ìṣẹ́jú àáyá 24 péré sì ni wọ́n fún yín kẹ́ ẹ fi jù ú. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í díríbù, á díríbù títí, ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, àwọn mẹ́rin tó kù á dúró sójú kan bí ẹni ń wo eré, nígbà tó bá ku mẹ́ta á wá sáré jù ú láti òkèèrè. Ẹni tó bá jẹ́ gáàdì kejì lórí irú tíìmù bẹ́ẹ̀, ó lè gbá ìdíje kan tán kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù dáadáa. Kò sí iye VC tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ big man wá kàn. Wọ́n ti sọ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn òmìrán ti tán nínú baskẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìlà three ti wà nínú NBA láti sáà 1979-80 àmọ́ ó pẹ́ kí wọ́n tó mọyì ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá ṣírò ẹ̀ dáadáa wọ́n rí i pé mẹ́ta ju méjì lọ, gbogbo tíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká sí ẹ̀yìn ìlà yẹn, sẹ́ńtà, ìyẹn big man tó ń ṣọ́ abẹ́ agbọ̀n, tó wúwo tí kò lè sáré tẹ̀ lé èèyàn jáde wá di ẹni tí wọ́n ń wá kiri láti fi ṣe ẹran ìjẹ. Shaquille O'Neal gba MVP lọ́dún 2000, lẹ́yìn ẹ̀, kò tún sí sẹ́ńtà kankan tó gbà á títí di 2021. Ogún ọdún ó lé! Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní kí gbogbo ọmọ tó ga lọ wá iṣẹ́ míì ṣe.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Giannis Antetokounmpo tó tó mítà 2.11 gba MVP 2019 àti 2020, Jokic gba ti 2021 àti 2022, Joel Embiid gba 2023, Jokic tún gba 2024. Ọdún mẹ́fà léra wọn, kò sí gáàdì kankan níbẹ̀, àfi ìgbà tí Shai Gilgeous-Alexander wá gba ti 2025. Tíìmù Shai yẹn náà, Oklahoma City Thunder, wọ́n ní gáàdì tó dáa jù láyé, wọ́n ní Chet Holmgren tó ga fíofío, síbẹ̀ lọ́dún 2024 wọ́n tún lọ mú Isaiah Hartenstein, sẹ́ńtà míì, wọ́n fi kún un, sáà yẹn náà ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ. Àwọn tó ń fi owó ńlá ṣe iṣẹ́ yìí ò gbà pé big man ti tán o.

Ohun tó yí padà ni irú big man tí wọ́n ń fẹ́. Jokic ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 2014, ipò 41 ni wọ́n ti mú un nínú draft, níbi tí àwọn tíìmù ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, èèyàn tí kì í fò, tí kì í sáré, àmọ́ ní sáà 2024-25 ó ń mú point 29.6, rebound (gbígba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé) 12.7 àti assist (páàsì tó di skọ́ọ̀) 10.2 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, sẹ́ńtà kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí NBA ti wà. Assist tó lé ní mẹ́wàá! Iṣẹ́ gáàdì nìyẹn láyé àtijọ́. Kí Jokic tó dé, Hakeem Olajuwon ti fi hàn pé ẹni tó ga lè ní ẹsẹ̀ bíi ti oníjó. Houston mú un ní ipò kìíní lọ́dún 1984, ọdún kan náà tí Michael Jordan bọ́ sí ipò kẹta, àwọn èèyàn sì máa ń sọ ọ́ bíi pé Houston ṣì í, èmi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀: ife 1994 àti ife 1995, block (dídí bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì jù) 3,830 tí kò tíì sẹ́ni tó kọjá ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Portland tó mú Sam Bowie ní ipò kejì ni kí wọ́n lọ bá wí. Tẹ́ ẹ bá kọ́ big man nínú 2K25, ẹ tẹ L2 lórí páàdì PlayStation mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn gbé ẹni tó ń ṣọ́ yín, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún tàn án sápá kan kẹ́ ẹ yí sápá kejì, Dream Shake tí Olajuwon fi lókìkí náà nìyẹn, ẹ máa rí i tó fò sókè lásán tí ẹ̀yin ṣì wà nílẹ̀.

Ibi tí big man ti wọ̀ mí lára jù ni pick and roll. Ẹ wò ó dáadáa. Gáàdì yín wà lókè pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń dè é lọ́nà. Ẹ máa rìn lọ, ẹ máa lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni yẹn, ẹ ò ní mira, gáàdì yín á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ẹni tó ń lé e á wá kọlu àyà yín. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yin máa ní ìṣòro: tó bá lọ dá gáàdì dúró, ọ̀nà agbọ̀n ṣí sílẹ̀ fún yín, tó bá dúró tì yín, gáàdì ti ráyè jù. Tó bá lọ, ẹ yí ẹ̀yìn sí i kẹ́ ẹ máa sáré lọ sábẹ́ agbọ̀n kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ sókè, gáàdì tó bá mọṣẹ́ á ju bọ́ọ̀lù náà sókè, ẹ máa gbà á nínú afẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ gbá a mọ́ inú agbọ̀n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè, eré yìí gan-an ni wọ́n ń bá wí. Kò gba díríbù kankan lọ́wọ́ yín, kò gba VC rẹpẹtẹ, ó kàn gba pé kẹ́ ẹ mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí.

Lápá dìfẹ́ǹsì ńkọ́? Ibẹ̀ ni big man ti ń jọba. Gáàdì tó ti yọ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn tó ń bọ̀ wá fò, bọ́tìnnì onígun mẹ́ta ni, àmọ́ ẹ má kánjú tẹ̀ ẹ́ o, òun náà ń retí kẹ́ ẹ fò kó lè fa ara sẹ́yìn. Ẹ dúró, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ tiẹ̀ wo Victor Wembanyama nínú NBA gidi, San Antonio mú un ní ipò kìíní lọ́dún 2023, sáà àkọ́kọ́ ẹ̀ pàá ló ti jẹ́ ẹni tó ṣe block jù ní gbogbo líìgì, tí àwọn gáàdì bá dé inú tí wọ́n rí i, ọ̀pọ̀ wọn á kàn yí padà gbé bọ́ọ̀lù jáde. Nínú Rec náà bẹ́ẹ̀ ló rí, tẹ́ ẹ bá ti ṣe block tó mọ́ méjì fún ẹnì kan, kò ní fẹ́ wá mọ́.

Kì í ṣe gbogbo big man ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ṣá. Èyí tó ga jù, tó wúwo jù, tí gbogbo agbára ẹ̀ wà lórí dunk (gbígbá bọ́ọ̀lù mọ́ inú agbọ̀n) àti ara, ẹ má kọ́ ọ. Lójú ó dáa, àmọ́ kò ní lè jáde lọ ṣọ́ ẹni tó ń ju three, gáàdì tó gbọ́n á máa pè é jáde ní gbogbo ìgbà. Gíga nìkan ò tó mọ́, kódà nínú NBA. Lọ́dún 2018 Phoenix fi ipò kìíní mú Deandre Ayton, sẹ́ńtà, Luka Doncic bọ́ sí ipò kẹta. Lọ́dún 2020 Golden State fi ipò kejì mú James Wiseman, sẹ́ńtà tó ga tó ní ara, LaMelo Ball ló tẹ̀ lé e, Wiseman ò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ayton dé ìparí NBA pẹ̀lú Phoenix lọ́dún 2021, ohun tí mò ń sọ ni pé tí gíga yín ò bá ní nǹkan míì tó ń tẹ̀ lé e, gáàdì tó dáa á borí yín. Èyí tí mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ni èyí tí gíga ẹ̀ wà láàárín, tí apá ẹ̀ gùn, tó lè gba rebound, tó lè ṣọ́ inú, tó wá ní ọ̀kan nínú méjì yìí: three tó ṣeé fọkàn tán, tàbí páàsì. Èmi á mú páàsì. Sẹ́ńtà tó ń ju three máa ń fẹ́ dúró sí kọ̀rọ̀ títí, tó bá yá, á gbàgbé pé rebound ni iṣẹ́ òun.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dáa níbẹ̀ náà. Big man ń jù lọ́ra, bẹ́ ẹ bá ṣe ga tó ni ọwọ́ yín ṣe máa pẹ́ tó kí bọ́ọ̀lù tó kúrò. Ẹ máa sá lọ sá bọ̀ ní gbogbo ìdíje, ẹ máa dá èèyàn lọ́nà fún gáàdì tí kò ní fún yín ní bọ́ọ̀lù padà, èyí ń bíni nínú, kò sí bí mo ṣe fẹ́ pọ́n ọn. Tí gáàdì yín bá burú, ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ń bá gbá a, ó máa sú yín kíá, torí kọ̀ǹpútà ò ní ìjayà, block tó ń dẹ́rù ba èèyàn ò jẹ́ nǹkan kan fún un, àwọn ọmọ tíìmù tó jẹ́ kọ̀ǹpútà náà sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lókè pé ẹni tó ń dá gbá a kó mú gáàdì, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọ̀rọ̀ VC yẹn, èmi ò fẹ́ràn pé géèmù tí èèyàn ti ra tún ń ta agbára fún un, torí ẹni tó lówó lè ti dé òkè kí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é tó jáde kúrò nílẹ̀. Big man ló rọrùn jù nínú ìyẹn náà. Gáàdì tó wà ní 75, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú Rec. Big man tó wà ní 75 tó mọ ibi tó yẹ kó dúró, tó ń gba rebound, tó ń dá èèyàn lọ́nà dáadáa, wọ́n máa tún pè é padà.

Ẹ má sì fo apá WNBA tó wà nínú ẹ̀. A'ja Wilson tó wà lára páálí yẹn, inú lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, MVP 2020, 2022, 2024 àti 2025, lọ́dún 2024 náà ló di ẹni àkọ́kọ́ tó mú point 1,000 nínú sáà kan ní WNBA. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí big man ayé òde òní ṣe ń jù láti àárín, kó mú Las Vegas Aces, tíìmù Wilson, kó gbá ìdíje díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ kó tó lọ kọ́ tiẹ̀, ó wúlò ju kéèyàn máa wo nọ́ńbà lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti gbà láti kọ́ ọ, VC àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ẹ gbé e sórí rebound àti dìfẹ́ǹsì inú. Lẹ́yìn ìyẹn ni block, lẹ́yìn ẹ̀ ni dunk tàbí ìjù abẹ́ agbọ̀n, lẹ́yìn ẹ̀ ni páàsì. Three lè dúró di ìgbà tí àwọn wọ̀nyẹn bá ti kúrò nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí yín níbẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn.